Fáìlì tó tóbi ju Excel lọ: Bí oníṣòwò Ọ̀jọ́ àti Okokomáíkò ṣe lè kà á nínú bráúsà láìfi àṣírí oníbàárà ránṣẹ́ síta

Bí èèyàn bá gbéra ní Ìyànà Ìbà, tó ń lọ sí Okokomáíkò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, kò ní í rìn jìnnà kó tó rí agbòòrùn ńlá tí wọ́n ta síwájú ilé, tí tábìlì kékeré àti ẹ̀rọ POS wà lábẹ́ rẹ̀. Tó bá yà wọ inú ọjà Alábà International ní Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣàn, fíríìjì, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ amóhùndún-gbẹmu, bákan náà ni yóò bá a: oníbàárà á fi fóònù san owó, ẹni tó ń tajà á máa wo fóònù tirẹ̀ bóyá owó ti wọlé.

Gbogbo owó wọ̀nyí ló ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ìlà kan fún owó kan ni: ọjọ́, wákàtí, iye owó, orúkọ ẹni tó san án, àti nọ́ńbà gbọọrọ kan tí kò sí ẹni tó ń ka a sí àfi ọjọ́ tí ìjà bá dé. Bí oníṣòwò bá sọ fún báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ tó fún un ní ẹ̀rọ POS pé òun fẹ́ rí gbogbo àkọsílẹ̀ òun, fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .csv ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, kò sí àwòrán, kò sí àwọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣí. Kọ̀ǹpútà á máa yí bìrìbìrì, ojú rẹ̀ á funfun báláú, olówó rẹ̀ á sì pa á ní ìpa tipátipá.

Ìṣirò kékeré kan yóò jẹ́ ká rí i bí fáìlì náà ṣe ń sanra. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ní ẹ̀rọ POS mẹ́wàá, tó pín wọn fún àwọn ọmọ iṣẹ́ láti Ìbà dé Volks. Bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bá ṣiṣẹ́ fún 150 èèyàn lójúmọ́, ìlà 1,500 ló ń wọ inú ìwé rẹ̀ lójoojúmọ́, ìyẹn 547,500 lọ́dún kan. Ẹni tó ní 300 ẹ̀rọ lábẹ́ ara rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní aggregator, á ní ìlà 45,000 lójúmọ́, èyí tó ju mílíọ̀nù 16 lọ lọ́dún. Bí ìlà kan bá gba nǹkan bíi 120 báìtì, fáìlì ọdún kan ti ẹni àkọ́kọ́ kò ju mẹ́gábáìtì 66 lọ. Ti ẹnì kejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé gígábáìtì méjì.

Excel tí gbogbo ayé mọ̀ kì í gbà ju ìlà 1,048,576 lọ lójú ewé kan. Láti Excel ti ọdún 2007 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ kò gbà ju 65,536 lọ. Ẹni tó ní 300 ẹ̀rọ yóò ti kọjá òdiwọ̀n yìí kí ọjọ́ kẹrìnlélógún tó ṣú. Kí ẹni tó ní ẹ̀rọ mẹ́wàá má sì rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun o, nítorí ní nǹkan bí ọjọ́ 699, tí kò tó ọdún méjì, òun náà á dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òdiwọ̀n náà ṣe kéré tó, kó wo orúkọ àwọn tí INEC ní lọ́wọ́ fún ìdìbò ọdún 2023, èèyàn 93,469,008. Bí wọ́n bá kọ wọ́n ní ìlà kan fún ẹnì kan, ewé Excel 90 ni wọn yóò kún.

Kí fáìlì má ṣí rárá sàn ju kó ṣí lábọ̀ lọ. Bí fáìlì bá ju òdiwọ̀n lọ, Excel á kó èyí tó lè kó, á fi ìkìlọ̀ kékeré kan sójú ẹ̀rọ pé àwọn kan ti ṣẹ́kù síta, ẹni tó ń kánjú á tẹ OK, ó parí. Àròpọ̀ tó bá ṣe lẹ́yìn náà yóò jáde wẹ́rẹ́, yóò sì dà bí òótọ́. Owó oṣù méjì lè ti sọnù nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Kò sí ẹni tí irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ń jà ràn-ìn, àjọ ètò ìlera wọn, Public Health England, ń gba èsì àyẹ̀wò láti ọwọ́ àwọn ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì ń kó o sínú fáìlì Excel ti àtijọ́, èyí tí kò gbà ju ìlà 65,536 lọ. Fáìlì kún, èsì tó kù sì dà nù láìsí ariwo. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn aláìsàn 15,841 ni kò sí nínú iye tí ìjọba ń kéde. Àwọn tó yẹ kí wọ́n tètè wá àwọn tó ti fara kan aláìsàn kò mọ̀ pé iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ìjọba tó ní owó àti àwọn ọ̀mọ̀wé nìyẹn o.

Àrùn kejì tí Excel ń kó bá ìwé oníṣòwò kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń dunni. Kì í fi nọ́ńbà tó gùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ó bá fúnra rẹ̀ ṣí fáìlì .csv, nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803 á di 803. Nọ́ńbà akáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo á ku mẹ́sàn-án dípò mẹ́wàá. Owó tó bá gba ọ̀dọ̀ NIBSS kọjá láti báńkì kan sí òmíràn máa ń ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó jẹ́ 30, òun ni wọ́n ń pè ní session ID. Excel kò lè mú ju 15 àkọ́kọ́ lọ nínú rẹ̀, òdo ló ń fi dí ìyókù. Àwọn tó ṣòwò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó béba wọ́n bí ojú, kò ní í gbàgbé bí owó ṣe ń kúrò lọ́wọ́ oníbàárà tí kì í dé ọwọ́ ọlọ́jà. Nọ́ńbà 30 yìí gan-an ni báńkì máa ń béèrè bí wọ́n bá fẹ́ tọ ipa owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí tí Excel ti bà jẹ́ lọ bá wọn, ọwọ́ òfo ni yóò bá bọ̀.

Kí ni àwọn èèyàn wá ń ṣe? Àwọn kan á gbé fáìlì sórí filáṣì, wọ́n á gbé e lọ fún ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí LASU pé kó bá àwọn gé e sí wẹ́wẹ́. Àwọn mìíràn á wá ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó sọ pé òun ń ṣí fáìlì ńlá lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì fi gbogbo ìwé wọn ránṣẹ́ síbẹ̀. Gígábáìtì méjì tí wọ́n fi ránṣẹ́ yẹn, dátà ni wọ́n fi ra ọ̀nà fún un. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni pé orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti akáǹtì àwọn oníbàárà wọn ti wà lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni òfin ààbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà, ó sì kan oníṣòwò kékeré náà. Ẹni tó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìsọfúnni oníbàárà, tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá, lè san mílíọ̀nù náírà méjì tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ọ̀nà kan wà tí fáìlì kò fi ní í kúrò lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ni ín, inú bráúsà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ni. Chrome, Firefox, Edge, gbogbo ohun tí èèyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì ló ní i. JavaScript ni èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún un. Brendan Eich ló ṣe é lọ́dún 1995 ní ilé-iṣẹ́ Netscape, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n sì ní ó fi gbé ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, JavaScript kò láṣẹ láti fọwọ́ kan fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Ní ayé kafé, tí àwọn ọmọ LASU ń tò láti lo íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí bí ojúlé kan ṣe lè ka fáìlì láìkọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí Firefox 3.6 jáde ní oṣù kìíní ọdún 2010 ni ìlẹ̀kùn yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, àwọn bráúsà yòókù sì tẹ̀ lé e. Títí dòní, ojúlé kò lè rìn gbéregbère nínú kọ̀ǹpútà. Olówó rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yan fáìlì tó fẹ́ kó kà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti já kọ̀ntéénà rí ní Alábà. Bí kọ̀ntéénà ẹsẹ̀ bàtà 40 bá dé láti Apápá, kò sí ọlọ́jà tí yóò kó gbogbo páálí inú rẹ̀ wọ inú ìsọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọ̀nà kò ní í sí fún ẹnikẹ́ni láti kọjá. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n á kó páálí díẹ̀ jáde, wọ́n á kà á, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé e kúrò, kí wọ́n tó kó òmíràn. Excel àti Notepad fẹ́ kó gbogbo páálí wọ ìsọ̀. Ìsọ̀ náà ni RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, ti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ sì sábà máa ń kéré.

Bí oníṣòwò bá yan fáìlì nínú bráúsà, kì í ṣe fáìlì náà gan-an ni JavaScript gbà lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ntéénà ni. Ó mọ orúkọ fáìlì, ó mọ bó ṣe tóbi tó, kò sì tíì ka lẹ́tà kan nínú rẹ̀. Àṣẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní slice. Òun ni wọ́n fi ń sọ pé, ‘Gé e fún mi láti báìtì báyìí dé báìtì báyìí.’ Wọ́n á gé mẹ́gábáìtì mẹ́rin, wọ́n á kà á, wọ́n á ṣírò ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á gé mẹ́rin mìíràn. Fáìlì gígábáìtì méjì á gba nǹkan bí 500 irú ìgé bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo àkókò náà, ohun tó wà nínú RAM kò ju ìgé kan àti ìṣirò tí wọ́n ti ṣe lọ.

Ibi tí àwọn ọmọ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sì ti ń ṣubú jù nìyí, nítorí àwọn kan mọ̀ pé bráúsà lè ka fáìlì, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Chrome kì í gba ọ̀rọ̀ kan tó gùn ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 536 lẹ́tà lọ. Fáìlì tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ á kọ̀ jálẹ̀, wọ́n á wá sọ fún oníṣòwò pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára. Irọ́ ni o, kò sí kọ̀ǹpútà tuntun tí yóò yanjú ìyẹn.

Gígé náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀bẹ kò mọ ibi tí ìlà parí sí. Ó lè gé ìlà kan sí méjì, kí ₦45,000 di ₦45 ní ìparí ìgé kan, kí 000 wà ní ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Ètò tó dára máa ń mú ààbọ̀ ìlà tó bá kù lọ́wọ́, á so ó mọ́ iwájú ìgé tó ń bọ̀ kó tó ṣírò rẹ̀. Ètò tí kò bá ṣe èyí á ṣi owó kà ní ojú ìgé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bí 500 ìgbà nínú fáìlì gígábáìtì méjì.

Àmì náírà náà ní wàhálà tirẹ̀. Lẹ́tà a, b, d kò gbà ju báìtì kan lọ, ṣùgbọ́n ₦ gba mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ, ọ àti ṣ, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n gbà. Ọ̀bẹ lè bọ́ sí àárín àmì náírà kan, kó fi báìtì kan síbí, kó fi méjì sọ́hùn-ún, ohun tí yóò sì jáde lójú ẹ̀rọ ni àmì onígun dúdú tó ní àmì ìbéèrè nínú. Orúkọ oníbàárà tí wọ́n fi ojúlówó Yorùbá kọ á bàjẹ́ bákan náà, bí ẹni náà bá sì ń fi orúkọ wá owó rẹ̀, kò ní í rí i. Ohun tó ń wò ó sàn ni TextDecoder, kí wọ́n sì sọ fún un pé stream: true. Ó máa ń fi báìtì tí kò tíì pé pamọ́ títí ìyókù rẹ̀ yóò fi dé. Àwọn tó ń kọ ètò ní ìlú tí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan tó fún wọn lè ṣe iṣẹ́ wọn lọ́pọ̀ ọdún láìrí àṣìṣe yìí. Ní Èkó, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò yọjú.

Ẹ̀kẹta ni kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá ní kí JavaScript ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, kì í pè é ní 0.3, 0.30000000000000004 ló ń pè é. Lórí owó kan, ẹ̀rín ni. Lórí mílíọ̀nù 16 ìlà, àròpọ̀ lè yẹ̀ sí ti báńkì, kí èèyàn sì fi ọjọ́ mẹ́ta wá owó tí kò sọnù. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n sọ gbogbo owó di kọ́bọ̀ kí wọ́n tó rò ó pọ̀, kó má sí ààbọ̀ kankan nínú rẹ̀. Iye tó pọ̀ jù tí JavaScript lè kà lódidi láìṣìṣe ni 9,007,199,254,740,991. Bó bá jẹ́ kọ́bọ̀, ó ju tírílíọ̀nù 90 náírà lọ, bẹ́ẹ̀ tírílíọ̀nù 54.99 ni ìṣúná ìjọba àpapọ̀ fún ọdún 2025. Kò sí ìsọ̀ kankan ní Alábà tí èyí kò tó.

Bí ètò náà bá ti ka fáìlì tán nígbà àkọ́kọ́, ó lè ti kọ ibi tí ìlà ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni fi ewé sáàárín ìwé. Bí oníṣòwò bá wá fẹ́ rí ìlà mílíọ̀nù mẹ́jọ, á fò débẹ̀ tààrà, ìlà àádọ́ta tí ojú lè rí nìkan ni yóò sì gbé jáde. Iṣẹ́ kíkà náà gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní Web Worker, tó dà bí ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, kí ojú ẹ̀rọ má bàa dì pa nígbà tí ó ń kà.

Iṣẹ́ tó sì wúlò jù fún ọlọ́jà ni kí wọ́n fi fáìlì méjì wo ara wọn, ti ilé-iṣẹ́ POS àti ti báńkì. Ètò náà á kó nọ́ńbà àwọn owó inú fáìlì tó kéré jù sí ọwọ́, á wá máa ka èyí tó tóbi ní ìgé ìgé. Èyí tó bá wà ní ibì kan tí kò sí ní ìkejì, á yà á sọ́tọ̀. Níbẹ̀ ni owó tí oníbàárà san tí kò dé àti owó tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì máa ń wà. Nọ́ńbà 30 kò sì ní í bàjẹ́, bí wọ́n bá ti ń kà á bí ọ̀rọ̀, tí wọn kò sọ ọ́ di iye.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ọ̀wọ́n ní Nàìjíríà àti àwọn ìlú mìíràn. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lórí ojúlé ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà kò ríbi wọlé. Ojúlé tó ń ka fáìlì nínú bráúsà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ bó bá ti ṣí tán, wọ́n tilẹ̀ lè fi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà bíi fáìlì kan lásán. Iná mànàmáná nìkan ni wàhálà rẹ̀, bí iná ti rí ní Ọ̀jọ́ kì í sì í ṣe ìròyìn fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń ṣe irú ètò yìí yẹ kó jẹ́ kó rántí ibi tó kà dé.

Kì í ṣe pé Excel kò wúlò mọ́ o. Fún ìwé tí kò tó mílíọ̀nù ìlà, òun ló yá jù, ó sì ní Power Query tó lè mú ju òdiwọ̀n ojú ewé lọ fún ẹni tó bá kọ́ ọ. Bráúsà náà kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ojúlówó fáìlì gbọ́dọ̀ wà níbi tó wà, nítorí kíkà ni ètò yìí ń ka á, kò yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀.

Oníṣòwò tó bá fẹ́ kí ọ̀dọ́ kan bá òun ṣe irú rẹ̀, ó lè dán an wò kó tó san owó tó kù. Kó ṣí ojúlé náà nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ bráúsà, kó pa dátà àti Wi-Fi, kó tó wá yan fáìlì. Bó bá ṣì ń kà á dáadáa, fáìlì kò lọ síbì kankan ní àkókò náà. Kó pa fèrèsé yẹn kó tó dá dátà padà. Lẹ́yìn náà, kó bu fáìlì kékeré tó mọ àròpọ̀ rẹ̀, bóyá ti ọjọ́ kan péré, kó wò ó bóyá iye ìlà àti owó bá ara wọn mu dé kọ́bọ̀. Kó wá gbé fáìlì ńlá sí i, kó lọ wo ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá, nítorí ọ̀pọ̀ ètò ni kì í ka ìlà ìkẹyìn bí kò bá sí àmì ìlà tuntun lẹ́yìn rẹ̀. Kó wá orúkọ kan tó ní ẹ tàbí ṣ nínú, kó sì wo session ID kan, kó kà á ní oókan: 30 ló gbọ́dọ̀ jẹ́.